Fèrè Tí Wọ́n Yọ Nínú Fíìmù

Ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun rí ìfẹ́ lójú àwọn méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, irọ́ ló ń pa. Bí kì í bá ṣe pé ọmọbìnrin náà kò fẹ́ kí fèrè ọwọ́ rẹ̀ fọ́ ni, ì bá là á mọ́ ọkùnrin yẹn lórí.

Afọnfèrè ni. Kilarinẹ́ẹ̀tì, fèrè onígi dúdú yẹn, ni bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà, wọn kò sì ya ara wọn láti ìgbà náà. Atawẹ́wẹ́ ni àwọn ará ilé ń pè é, nítorí pé kò tóbi lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹnu kàn án á wá omi mu. Lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, wọ́n háyà òun àti ẹgbẹ́ olórin kan láti wá gba orin fíìmù sílẹ̀ nínú sitúdíò kan tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀ yíká. Ooru mú, àga le, àwọn onífáyólìn sì ti ń wo aago.

Ọkùnrin tó kọ orin náà jáde wá láti ẹ̀yìn gíláàsì. Onídùùrù ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, torí orí dùùrù ló máa ń jókòó sí bí adìyẹ tó ń sàba. Ó gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ọ́kẹ́sítírà dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, fèrè yẹn," ló wí.

"Kí ló ṣe é?" Atawẹ́wẹ́ béèrè.

"Ó dára jù."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Etí Atawẹ́wẹ́ gbóná.

"Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ni mo fọn. Kò síbi tí mo ti ṣì í."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ṣì í. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ọmọ inú fíìmù yìí sọ̀ kalẹ̀ láti abúlé orí òkè, ó wá ìyá rẹ̀ dé ìlú ńlá. Ó bá a níbi tó ti ń fọ abọ́ nínú ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì. Ìyá wo ọmọ lójú, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ibi tí fèrè yín ti wọlé nìyẹn, ẹ sì ń fọn ún bí ẹni tó fẹ́ gbapò kìíní nínú ìdánwò."

Láti ìgbà tí Atawẹ́wẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀ báyìí rí lójú àwùjọ. Ó dìde dúró. Ó fẹ́ sọ fún un pé kó lọ wá ẹlòmíràn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ fọn ún, kó lọ bá ìyá tó bí i kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

"Inú ń bí yín báyìí, àbí?" Onídùùrù bi í, ohùn rẹ̀ kò le.

"Ó ń bí mi."

"Ẹ má jẹ́ kó rọ̀. Ẹ pa ìwé yẹn dé, kí ẹ fọn ún bó ṣe ń ṣe yín."

Atawẹ́wẹ́ fẹ́ fi dójú tì í ni. Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin ijó tí ọmọ náà máa ń jó lábúlé rẹ̀, ijó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn àgbẹ̀ orí òkè ní Yúróòpù máa ń jó. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó jó. Ó fà á, ó lọ́ ọ, ó gé e níbi tí kò yẹ, ó jẹ́ kí ohùn fèrè há bí ohùn ẹni tó ń gbé omijé mì. Ẹni tó ń lu ìlù jáàsì lẹ́yìn tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Nígbà tó parí, àwọn onífáyólìn kò wo aago mọ́.

"Ohun tí mò ń wá nìyẹn," ni Onídùùrù wí, ó sì padà sẹ́yìn gíláàsì. Kò tiẹ̀ kí i kú iṣẹ́. Ìyẹn tún bí i nínú.

Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ bá a ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀ láti parí ìjà tí kò ráyè jà. Onídùùrù kò bá a jà. Àga ló fà fún un, ó sì fi ibi òtẹ́ẹ̀lì inú fíìmù náà hàn án láìsí orin kankan nínú rẹ̀. Obìnrin kan ń fọ abọ́, ọmọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kàn dà bíi pé ọmọ náà ṣì ilé.

Lẹ́yìn náà ó fi fáyólìn abúlé sí i pẹ̀lú dùùrù kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà, tí wọ́n ń fà tí wọ́n ń tì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Lójú ẹsẹ̀, ọmọ náà dẹni tó ní ilé tó fi sílẹ̀. Ó yọ ìyẹn, ó fi jáàsì sí i, ìlú ńlá sì wọ inú yàrá náà pẹ̀lú ariwo àti ìkánjú rẹ̀.

"Jáàsì ni ìlú náà," Onídùùrù ṣàlàyé. "Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa yà sí. Orin ijó yẹn ni abúlé. Ọ́kẹ́sítírà ni ojú ọ̀run tó bo àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ní ohùn tirẹ̀ títí tí ẹ fi dé."

Ó wá gbé gbogbo rẹ̀ sí i pa pọ̀, fèrè náà sì wọlé. Atawẹ́wẹ́ gbọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ohùn àjèjì nínú ilé ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un láti kékeré pé orin fíìmù dà bíi lọ́fínńdà tí wọ́n fín sára aṣọ tí a kò fọ̀. Ó sì ti gbà á gbọ́. Nísinsìnyí ó jókòó síbẹ̀, kò mọ ẹni tí òun ì bá bínú sí.

"Ẹ tún un gbé sí i," ló wí.

Báyìí ni ó ṣe di ẹni tó ń lọ síbẹ̀. Wọ́n jà lórí ibi tó yẹ kí fèrè idẹ ti dákẹ́. Wọ́n jà lórí bóyá fáyólìn abúlé gbọ́dọ̀ há díẹ̀ bíi ti àgbẹ̀ tó kọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà kò gbọ́n nínú ìjà, ó máa ń gbà pé òun jẹ̀bi kí ènìyàn tó bínú dé ibi tó fẹ́ bínú dé. "Ẹ" di "o" láàárín wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ọjọ́ tó yí padà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò rí nǹkan kan jà lé lórí, ẹ̀rù ba àwọn méjèèjì, ọkùnrin náà bá ní kó fẹ́ òun.

"Bàbá mi ò ní gbà," ni ìdáhùn rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ti darí ọ́kẹ́sítírà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin gbọọrọ tó máa ń to bàtà rẹ̀ bí ẹni tó ń to ọmọ ogun. Lójú tirẹ̀, orin méjì ló wà láyé: èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ dáadáa, àti ariwo. Jáàsì, ariwo ilé ọtí. Orin àwọn ará abúlé, ariwo àwọn tó ti yó. Àlá kan ṣoṣo ló sì kù fún un: kí ọmọ rẹ̀ jókòó lórí àga afọnfèrè àkọ́kọ́ nínú ọ́kẹ́sítírà ńlá tí òun ti darí rí.

Àǹtí, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ló di alárinà. Gíláàsì ojú ló ń tà, ó sì gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ tí òun ò lè tún ojú rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ fún bàbá, "ọmọ yín ti dàgbà, ó rí ẹni tó wù ú."

"Iṣẹ́ wo ni ẹni náà ń ṣe?"

"Iṣẹ́ orin bíi tiyín."

"Tèmi? Ẹni tó ń po jáàsì pọ̀ mọ́ ijó àwọn olóko, tó fi ọ́kẹ́sítírà bò ó mọ́lẹ̀? Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́?"

"Ó ń jẹun níbẹ̀."

"Ẹja náà ń jẹun nínú ẹrẹ̀."

Àǹtí lọ, ó tún padà wá, ó tún lọ. Níkẹyìn, bàbá ní kí Onídùùrù wá rí òun, kó dá wá. Ọkùnrin náà lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Atawẹ́wẹ́ wà níbi ìdánrawò. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, bàbá ti fọwọ́ sí i.

Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò wọlé tán. Bàbá tí kò yí ipò àga ìjókòó rẹ̀ padà láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kí ló yí ọkàn rẹ̀ padà nínú ọ̀sán kan? Ó bi Onídùùrù léèrè ohun tí wọ́n sọ.

"A sọ̀rọ̀ orin," ló wí, ó sì ń wo eyín dùùrù. "Ènìyàn dáadáa ni bàbá rẹ."

Ó rò ó títí, ó tún bá ara rẹ̀ wí. Ṣé ìwọ ò lè rí ohun rere kí o má wá ìdí rẹ̀ ni?

Kí fíìmù náà tó jáde fún gbogbo ènìyàn, wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹbí wọn láti wá wò ó nínú gbọ̀ngàn kékeré kan. Atawẹ́wẹ́ jókòó sáàárín bàbá rẹ̀ àti ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, òrùka tuntun wà níka rẹ̀. Orin náà gbé e lọ. Ó mọ gbogbo oríta rẹ̀, síbẹ̀ ara rẹ̀ tún ń yá gágá ní ibi tí ijó abúlé ti kọ́kọ́ ta kókó pẹ̀lú jáàsì, tí èkíní ń sáré, tí èkejì ń fà á lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, Atawẹ́wẹ́ ki ọwọ́ bọ ọwọ́ Onídùùrù. Ọwọ́ náà tutù.

Ìyá wo ọmọ. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Fáyólìn ló wọlé. Gbogbo fáyólìn, wọ́n rọra, wọ́n dùn, wọ́n ń ṣàn bí òróró.

Ó dúró de fèrè rẹ̀ títí ọmọ náà fi yí padà tó sì lọ. Kò dé. Fáyólìn ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n káàánú ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò wá àánú wá, inú ló ń bí i. Wọ́n ti gba ìbínú lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fi ìnujú omijé dípò rẹ̀. Atawẹ́wẹ́ wo apá ọ̀tún, bàbá rẹ̀ ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó wo apá òsì, Onídùùrù kò wo ojú rẹ̀. Ó wá yé e.

Kò pariwo. Ó dìde, ó gba iwájú orúnkún àwọn ènìyàn kọjá, ó jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó dé yàrá iṣẹ́. Kò jókòó.

"Ta ló ní kí o yọ ọ́?"

Onídùùrù fa àga fún un.

"Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀."

"Bàbá rẹ ni. Ó ní ọ́kẹ́sítírà ńlá máa tó yan afọnfèrè tuntun. Ó ní tí àwọn àgbà ibẹ̀ bá gbọ́ ọ nínú orin báyìí, wọ́n á ní o ti bàjẹ́. Tí mo bá nífẹ̀ẹ́ rẹ lóòótọ́, kí n yọ ọ́, òun náà ò ní dí wa lọ́wọ́ mọ́. Mo rò pé ó ṣe é ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló ń sọ."

"O rò. Ìwọ àti bàbá mi jókòó, ẹ jọ rò. Ibo ni mo wà?"

"O wà níbi ìdánrawò."

"Mo wà níbi tí mo ti ń lo ẹnu mi, ẹ̀yin sì jókòó síbì kan, ẹ ń tà á fún ara yín. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ̀yin fá tèmi kodoro, ẹ wá ra òrùka fún mi."

"N ó dá a padà. Lónìí."

"Torí kí ni?"

"Torí kí o má fi mí sílẹ̀."

"Má dá a padà nígbà náà. Ohùn mi náà lo ṣì ń fi ṣòwò."

Ó bọ́ òrùka náà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín dùùrù. Eyín náà dún lẹ́ẹ̀kan, ohùn kékeré burúkú kan, ó sì jáde kó tó dákẹ́.

Ti bàbá ló le jù. Orí àga rẹ̀ ló bá a.

"Ìwọ ọmọ yìí, torí rẹ ni mo ṣe é."

"Torí mi, lẹ́yìn mi."

"Tí mo bá sọ fún ọ, o ò ní gbà."

"Ẹ mọ̀ pé mi ò ní gbà, ẹ wá lọ gbà fún mi."

"Jókòó. Ìbínú kò da nǹkan kan fún ni."

"Ó da orin yẹn fún mi, Bàbá. Òun gan-an lẹ sì ní kí wọ́n yọ. Ẹ ò tíì gbọ́ ọ rí. Ẹ dájọ́ ohun tí ẹ ò gbọ́."

Kò sẹ́ni tó tíì bá bàbá yìí sọ̀rọ̀ báyìí, àní àwọn onífèrè idẹ tí wọ́n le jù lọ. Atawẹ́wẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé Àǹtí.

Oṣù kan kọjá, èkejì tẹ̀ lé e. Ìbínú rẹ̀ kò lọ. Ó máa ń bá a jí, ó máa ń bá a fọ ojú. Èyí tó dùn ún jù ni pé àárò ọkùnrin náà ń sọ ọ́, kò sì mọ̀ bóyá Onídùùrù ni òun fẹ́ràn tàbí ohun tí òun gbọ́ nínú yàrá rẹ̀. Ṣé ènìyàn lè ya olórin kúrò lára orin? Bí ẹni tó kọ irú orin bẹ́ẹ̀ bá lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àǹtí ń nu gíláàsì, ó ní: "Onídùùrù ti dá fèrè rẹ padà sínú fíìmù yẹn kó tó jáde."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo lọ bá a kí n bú u. Mo ti múra èébú náà dáadáa, ló bá sọ fún mi. Ó ní òun gbọ́ ti fáyólìn yẹn títí, òun ò lè fara dà á, irọ́ ni. Ó wá bẹ̀ mí kí n má sọ fún ọ, kí o má rò pé òun fi ń bẹ̀bẹ̀."

"Ẹ sì ti sọ."

"Ta ló ní kó wá fi nǹkan pamọ́ sí ẹnu mi?"

Atawẹ́wẹ́ lọ sí sinimá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dá lọ, ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Iná kò tíì kú nígbà tó rí orí pípá bàbá rẹ̀ níwájú, Àǹtí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ dìde lọ. Ìbínú ní kó jókòó.

Ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ ju fíìmù lọ. Ìka bàbá ń ka orin lórí apá àga bó ṣe máa ń ṣe. Ó ka ijó abúlé, ó tilẹ̀ gbádùn rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á rí i nínú bí èjìká rẹ̀ ṣe ń lọ. Jáàsì dé, ìka náà ṣe bíi pé ó fẹ́ kọ̀, ó tún bá a lọ. Lẹ́yìn náà, ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, fèrè wọlé. Orin ijó tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ jó, tó ń ya sí ibi tí kò yẹ, tó ń béèrè ohun tí kò sẹ́ni tó máa fèsì sí. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atawẹ́wẹ́ pòṣé sí ìyá inú fíìmù, ó ní, "Ìwọ náà á rí i." Ìka bàbá sì dúró. Ó wà lókè bẹ́ẹ̀, kò rí ibi tó máa bọ́ sí, títí fèrè náà fi parí.

Níta, bàbá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àǹtí ní òun fẹ́ lọ ra omi, kò sì sí òùngbẹ tó ń gbẹ ẹ́.

"Ó dára," bàbá wí.

"Mi ò bi yín bóyá ó dára."

Àwọn ènìyàn ń kọjá láàárín wọn. Bàbá gbé fìlà rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì.

"Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

"Ohun tí ẹ ṣe."

"Mo fi ọ́ ṣe pàṣípààrọ̀. Mo gba ohùn rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní ìwọ, kò sì sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú méjèèjì."

Atawẹ́wẹ́ rò pé tí òun bá gbọ́ ọ, inú òun á rọ̀. Kò rọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ibì kan dúró sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ lọ bá a. Ẹ sọ fún un pé àdéhùn yín ti tú. Tó bá ní ọ̀rọ̀, èmi ni kó wá bá."

Bàbá, tí kì í lọ bá ẹnikẹ́ni nílé, lọ.

Onídùùrù kò wá lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó wá, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó bá a lórí àtẹ̀gùn ilé Àǹtí, ó sì dúró sí ìsàlẹ̀.

"Mo jẹ̀bi," ló wí. "Kì í ṣe torí kí o lè tètè dákẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rí ohun tí mo fẹ́, mo ní kí ẹnikẹ́ni ṣáà gbé e fún mi."

"Tí bàbá mi bá tún pè ọ́ lọ́la ńkọ́, tó ní òun ò gbà mọ́?"

"N ó wá sọ fún ọ pé ó pè mí."

"Lẹ́yìn náà?"

"Ohun tó o bá sọ."

Ó wò ó. Inú ṣì ń bí i, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Mo rí i," ọkùnrin náà wí.

"Ó lè pẹ́ kó tó lọ."

"N ó máa wá."

Ó sì ń wá. Ó ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń jà. Nígbà tí ọ́kẹ́sítírà ńlá pe Atawẹ́wẹ́ fún ìdánwò, wọ́n bi í bóyá òun ló fọn fèrè inú fíìmù yẹn. Ó ní òun ni. Wọn kò gbà á síṣẹ́. Bàbá ti sọ tẹ́lẹ̀, bàbá sì jàre níbẹ̀. Ó ká Atawẹ́wẹ́ lára gidi gan-an, ó sunkún sórí aṣọ Àǹtí, ó bú àwọn àgbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló fi pàdánù rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a pàdánù. Lọ́sẹ̀ yẹn ló sọ fún Onídùùrù pé kó lọ wá òrùka náà.

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní gbọ̀ngàn kékeré kan láàárọ̀. Àwọn onífáyólìn wá, onílù jáàsì wá, Àǹtí jókòó síwájú pẹ̀lú gíláàsì ojú tuntun. Ọkùnrin tó ń so wọ́n pọ̀ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ débi kan, ó gbójú sókè, ó béèrè bó ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn:

"Ta ló fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí?"

Bàbá ti dìde. Ó ti na ara rẹ̀ tán bí ìgbà tó máa ń dúró níwájú ọ́kẹ́sítírà.

"Kò sẹ́ni tó fi mí fún un," Atawẹ́wẹ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Èmi ni mo wá."

Ọkùnrin náà wo ìwé rẹ̀, kò rí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ó wo bàbá. Bàbá náà wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́ ohun tó wí," bàbá sọ, ó sì jókòó.